Bí Name Server Bá Dákẹ́, Ẹ Má Tíì Pa Mainframe

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lórí mainframe, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá IBM tí àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ adójútòfò fi ń ṣírò owó. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín ò kan ibẹ̀, ẹ fara balẹ̀, ẹ máa rí nǹkan mú níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Iṣẹ́ tí DNS ń ṣe nìyẹn gan-an. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn, kì í ṣe orúkọ. Tí iṣẹ́ kan lórí mainframe bá fẹ́ bá kọ̀ǹpútà míì sọ̀rọ̀, tó sì jẹ́ pé orúkọ nìkan ló mọ̀, á kọ́kọ́ bi name server pé, "Nọ́ńbà wo ni lágbájá ń lò?" Lórí z/OS, ẹni tó ń bá gbogbo iṣẹ́ yòókù béèrè ni à ń pè ní resolver. Tí ẹni tí a ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ bá wá dákẹ́ ńkọ́?

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: "kò sí" kì í ṣe ìdákẹ́. Tí name server bá ní orúkọ yẹn ò sí, ó ti dáhùn nìyẹn. Orúkọ tí ẹ kọ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Ìdákẹ́ ni pé resolver béèrè, ó dúró títí àkókò fi pé, kò gbọ́ nǹkan kan. Inú TCPIP.DATA ni àkókò yẹn wà, RESOLVERTIMEOUT ni wọ́n ń pè é. Tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ìṣẹ́jú àáyá 5 ni lórí z/OS ayé ìsinsìnyí.

Ẹ lè ní 5 ò tó nǹkan. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní name server méjì lẹ kọ sí NSINTERADDR, tí àkọ́kọ́ sì dákẹ́. Gbogbo ìbéèrè á kọ́kọ́ lọ dúró sọ́dọ̀ ẹni tó dákẹ́ kó tó lọ bá ìkejì. Iṣẹ́ tó bá ní orúkọ 200 láti béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan á fi ìṣẹ́jú àáyá 1,000 ṣòfò, ìyẹn ju ìṣẹ́jú 16 lọ. Bẹ́ẹ̀, resolver tún máa ń tọ́jú ìdáhùn àtẹ̀yìnwá sínú cache fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan á fi ní tòun ń lọ dáadáa, tí ẹlòmíì á ní tòun ti há. Bí àkókò àwọn ìdáhùn yẹn bá ṣe ń tán ni wàhálà náà á máa tàn.

Mo rí irú rẹ̀ níbi iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìparí oṣù ni. Owó oṣù àwọn èèyàn ló wà nínú fáìlì tó yẹ kó jáde, fáìlì náà sì ń já lójú ọ̀nà. Àwọn tó ni name server ní nǹkan kan ò ṣe tiwọn: wọ́n béèrè láti orí láptọ́ọ̀pù wọn, ó dáhùn kíá. Ni ọ̀gá kan bá ní ká pa mainframe ká tún un tàn. Ẹ gbọ́ o, tí a bá pa á, iṣẹ́ tó ṣì ń lọ á dúró, gbogbo ìdáhùn inú cache á parẹ́, ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ á sì wà níbẹ̀ digbí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí a ṣe nìyí.

Èkíní, a ka ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ. Tí ẹ bá rí EZZ9308E lórí console, resolver ń fẹjọ́ name server sùn ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń ṣírò rẹ̀. Tí ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn bá tó 25 nínú 100, á kígbe, àyàfi tí ẹ bá ti fi UNRESPONSIVETHRESHOLD yí iye yẹn padà. EZZ9310I tó ń tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù, torí iye rẹ̀ gan-an wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 100, ó lè jẹ́ pé name server kú tàbí pé ọ̀nà dí. Tó bá jẹ́ 30 tàbí 40, ó ń gbọ́, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tiwa jẹ́ 100.

Èkejì, a béèrè láti orí mainframe, kì í ṣe láti orí láptọ́ọ̀pù. Ẹ wọ z/OS UNIX, ẹ lo dig, kí ẹ fi @ àti nọ́ńbà name server síwájú orúkọ tí ẹ ń wá. Ẹ béèrè orúkọ kan ti inú ilé, kí ẹ béèrè ọ̀kan ti ìta. Tí tinú ilé bá dáhùn tí tìta sì dákẹ́, àwọn tí name server náà ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni kí ẹ fura sí. Tiwa, méjèèjì dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, a wo ọ̀nà. A fi ping kàn án, ó dáhùn! Ẹlòmíì á ní ó tán. Kò tán o. Ọ̀nà tí ping ń gbà yàtọ̀. UDP port 53 ni DNS ń gbà, tí ìdáhùn bá sì gùn jù, á gba TCP port 53. Ẹ tún béèrè pé nọ́ńbà wo ni mainframe fi ń jáde, torí nọ́ńbà rẹ̀ lè pọ̀. Ibẹ̀ lọwọ́ ti tẹ olè. Wọ́n ti tún nẹ́tíwọ̀kì ṣe lópin ọ̀sẹ̀, mainframe wá ń fi nọ́ńbà tuntun jáde. Firewall gba ping lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, àmọ́ nọ́ńbà àtijọ́ nìkan ló mọ̀ lórí 53. Name server ò kú rárá; ìbéèrè wa ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Name server kejì wà lẹ́yìn firewall míì, ó sì ń dáhùn. A gbé e ṣíwájú nínú NSINTERADDR, a tẹ F RESOLVER,REFRESH, a fi F RESOLVER,DISPLAY yẹ̀ ẹ́ wò. Owó oṣù jáde lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó tún firewall ṣe.

Ohun méjì tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe: ẹ má tẹ F RESOLVER,FLUSH,ALL nígbà tí wàhálà ń lọ, torí ìdáhùn tó ṣì dáa lẹ ń dà nù yẹn. Ẹ má sì fi kún RESOLVERTIMEOUT. Ẹ kàn ń fi kún bí ẹ ṣe máa dúró ti ẹni tí kò ní dáhùn ni.

Ẹ rántí pé ìkìlọ̀ lásán ni EZZ9308E, resolver á ṣì máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó dákẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kó yẹra fún un fúnra rẹ̀, kó máa yọjú wò ó bóyá ó ti jí, ẹ fi AUTOQUIESCE kún UNRESPONSIVETHRESHOLD, kí GLOBALTCPIPDATA sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó ju fóìsì nóòtì sílẹ̀ síbí. Èmi ò ní dákẹ́ o. Ó dàbọ̀.