Ọmù Tí Wọ́n Pè Ní Àgùntàn

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ewéko kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà àti ní gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà tí ó jẹ́ pé ìtàn asán ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Cibotium barometz ni. Irú ọmù kan ni: kì í tanná, kì í so èso, ohun wínníwínní bí eruku tí ó wà lábẹ́ ewé rẹ̀ ni ó fi ń bí sí i.

Ìdí ọmù yìí nípọn, irun aláwọ̀ wúrà sì bò ó. Láyé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù gbà pé ewéko kan ń so ọ̀dọ́-àgùntàn ní ilẹ̀ àwọn Tátà. Bí wọ́n bá gé ìdí ọmù yìí, tí wọ́n dá igi ewé mẹ́rin sí i bí ẹsẹ̀, tí wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀, a jọ ẹran náà. Ní ọdún 1698, Hans Sloane fi yé ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọmù lásán ni.

Síbẹ̀, ní 1753, Linnaeus pè é ní Polypodium barometz. Barometz tan mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń pe àgbò. Ní 1842, John Smith gbé e lọ sí ẹbí Cibotium, orúkọ tí ó ti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún àpótí kékeré jáde, nítorí ìdérí tí ó bo eruku abẹ́ ewé náà. Orúkọ ẹbí yí padà, ṣùgbọ́n barometz dúró, nítorí òfin ìsọlórúkọ ewéko a máa bọ̀wọ̀ fún orúkọ àkọ́sọ. Tẹ́lẹ̀ rí, agbolé Dicksoniaceae ni wọ́n kà á mọ́. Láti 2006, tí àyẹ̀wò DNA ti tọ́ka ìbátan rẹ̀, ó ti wà ní agbolé Cibotiaceae.

Ètò yìí kì í ṣe eré ọ̀mọ̀wé. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà ń fi ìdí ọmù náà wo ẹ̀yìn ríro, inú igbó sì ni wọ́n ti ń hú u. Àdéhùn CITES ti fi ìkáwọ́ sí títà á láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Orúkọ Cibotium barometz ni àdéhùn náà kọ sílẹ̀. Aṣọ́bodè tí kò bá lè fi orúkọ yìí mọ ègé gbígbẹ tí ó wà nínú àpò kò lè dáàbò bo ọmù tí ó wà nínú igbó. Orúkọ lè ti inú irọ́ wá. Ẹ̀rí ni ó ń sọ ohun tí ó ń jẹ́ ẹ.