Báwo ni àwọn fásitì Áfíríkà àti Yúróòpù ṣe ń fi AI wá òògùn ibà tuntun?

Èèyàn 597,000 ni ibà pa lágbàáyé ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, ṣe sọ. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó kú, bíi mẹ́ta ló wá láti Nàìjíríà.

Èyí tó tún ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú ni pé ní Rwanda, Uganda àti Tanzania, òògùn artemisinin tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé kì í tètè pa kòkòrò ibà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fọwọ́sowọ́pọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kí wọ́n lè fi ìmọ̀ ẹ̀rọ AI wá òògùn mìíràn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Cape Town?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelly Chibale, ọmọ Zambia tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Fásitì Cambridge, ló dá ibùdó ìwádìí òògùn H3D sílẹ̀ ní Fásitì Cape Town lọ́dún 2010.

H3D àti Ersilia, àjọ tí kì í wá èrè tí àwọn onímọ̀ láti Barcelona dá sílẹ̀, ló jọ ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ ZairaChem. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Communications gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2023.

Àbájáde àyẹ̀wò tí H3D ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ibà àti ikọ́ ife, èyí tó yege àtèyí tó já kulẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n tó po kẹ́míkà tuntun, AI á kọ́kọ́ sọ bóyá ó lè pa kòkòrò, bóyá ó lè yòrò, àti bóyá ó lè ṣe ara ní jàǹbá.

Àbá ni AI ń dá. Láàbù ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dín owó àti àkókò tó ń ṣòfò kù.

Kí ni ti egbòogi?

Ní Fásitì Buea ní Cameroon, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fidele Ntie-Kang, tó ti ṣe ìwádìí ní Fásitì Halle ní Jámánì, wà lára àwọn tó ń kó kẹ́míkà inú ewé àti egbò ilẹ̀ Áfíríkà jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó ń ṣèwádìí lè fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá òògùn wà nínú rẹ̀.

Kí nìdí tí dátà Áfíríkà fi ṣe pàtàkì?

Ẹ wo efavirenz, òògùn HIV. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kì í tètè lò ó tán, nítorí náà ó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òòyì á máa kọ́ wọn, wọn á sì máa lá àlákálàá. Bí ó bá jẹ́ dátà àwọn èèyàn òkè òkun nìkan ni AI fi kọ́ṣẹ́, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa ṣe.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ZairaChem lọ́nà tí àwọn onímọ̀ H3D yóò fi lè máa lò ó fúnra wọn, kódà níbi tí kọ̀ǹpútà ńlá kò ti sí.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. MMV048, òògùn ibà tí H3D kópa nínú ṣíṣe rẹ̀, dé ìpele àyẹ̀wò lára èèyàn ní 2014, síbẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Bí AI bá lè tètè fi irú èyí tí kò ní yege hàn, owó tí wọn ìbá ná lé e lórí á ṣẹ́kù fún èyí tó lè wo ọmọ sàn.