Àgbà Tó Wà Nínú Ìwé

Bí ìdílé méjì bá ń du ilẹ̀ ní Oǹdó, àgbà kan lè jókòó tì wọ́n títí kó tó lahùn, kó ní: "Irú ẹjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, báyìí la sì ṣe dá a." Ojú apá kan á wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Báyìí náà làwọn lọ́ọ́yà ṣe ń jà ní kóòtù Àkúrẹ́, àfi pé ìwé ló ń ṣe àgbà níbẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá ti sọ, adájọ́ ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́ọ́yà tí kò bá rí ìdájọ́ náà kà ńkọ́? Lọ́ọ́yà ọmọ Oǹdó kan, Gàní Fáwẹ̀hìnmi, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ariwo rẹ̀ la mọ̀ jù: ìjọba ológun á tì í mọ́lé, òun á jáde, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1985 ó dá Nigerian Weekly Law Reports (NWLR) sílẹ̀, ìdájọ́ sì ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú tèmi, ìwé yìí ló yẹ kí sọ́jà bẹ̀rù ju ariwo lọ.

Ẹ wo (1987) 4 NWLR (Pt. 67) 797. Ó jọ ọ̀rọ̀ awo, àbí? Ọdún ló ṣáájú, ìdìpọ̀ 4 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà apá 67, ojú ewé 797. Ẹ ṣí i, ẹjọ́ Gàní fúnra rẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. Ní October 19, 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n dì bíi lẹ́tà pa Dele Giwa, olóòtú Newswatch, nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Gàní, tó jẹ́ lọ́ọ́yà rẹ̀, fẹ́ fúnra rẹ̀ pe ọ̀gá ológun méjì lẹ́jọ́ ìpànìyàn. Kóòtù ìsàlẹ̀ kò gbà fún un. Ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n tún lé e padà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló wá sọ pé ọ̀ràn ìpànìyàn kan gbogbo ará ìlú, kò dìgbà téèyàn bá jẹ́ ẹbí òkú kó tó lè pẹjọ́.

Síbẹ̀, títí dòní, kóòtù kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú Giwa. Nǹkan míì ni pé Òyìnbó ni wọ́n fi kọ NWLR látòkè délẹ̀, ó sì wọ́n. Ìyẹn ń dùn mí.

Ní January 1996, lábẹ́ ìjọba ológun Abacha, àwọn agbófinró ìjọba wá gbé Gàní nílé láìmú ìwé àṣẹ dání. Ó pẹjọ́. Ìgbà tí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi máa dé lọ́dún 2000, Abacha ti kú. Apá 660 NWLR ló wà. Lọ́ọ́yà tí wọ́n bá gbé oníbàárà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́ lónìí, ibẹ̀ ló ń ṣí.