Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Tó Ń Tún Fóònù Ṣe

Bí a bá gbé fóònù lọ ṣe, ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń sọ kì í yé wa, owó la kàn ń san.

Pánẹ́ẹ̀lì ni pátákó pẹlẹbẹ inú fóònù tí gbogbo nǹkan yòókù so mọ́. Áísì ni àwọn nǹkan dúdú kéékèèké orí rẹ̀. Tí wọ́n bá ní “ó ti ṣọ́ọ̀tì,” iná gba ibi tí kò yẹ kó gbà nìyẹn. Omi sábà máa ń fà á, torí náà fóònù tó bá jábọ́ sómi, ẹ pa á, ẹ má kì í bọ iná. Tó bá jẹ́ pé kò gba iná ni, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ihò ṣájà, ìdọ̀tí lásán lè dí i.

Èyí tó ká mi lára jù ni fíláàṣì. Kì í ṣe iná tí a fi ń ya fọ́tò o! Wọ́n á pa ètò inú fóònù rẹ́, wọ́n á kọ òmíràn sí i. Ó sì sábà máa ń gbá nọ́ńbà oníbàárà, fọ́tò, àti àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ wá lówó lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é láì bi ẹni tó ni fóònù. Ẹ kọ orúkọ àwọn onígbèsè yín sínú ìwé, kí ẹ sì yọ síìmù àti mẹ́mọ́rì kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ti bátìrì, 5000 mAh ń gba iná ju 3000 lọ. Èyí tó bá ti wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ó lè gbiná. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.