Iná Tó Ń Lani Lójú àti Iná Tó Ń Fọ́ni Lójú: Ìrìn Òru Láàrin Àjàṣẹ́ àti Igolo

Ní Ìfọ̀nyìn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí pátákó ìjọba ń pè ní Ifangni, ìrọ̀lẹ́ kì í fa ẹsẹ̀. Oòrùn a wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje, ìbáà jẹ́ lásìkò òjò tàbí lásìkò ọyẹ́. Kí ó tó tó ìdajì wákàtí, àwọn ọ̀pẹ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ wá sí ẹnubodè Igolo ń gbóná. Táksì tó kó èrò há, tó tún di ẹrù sórí, ń sáré kó lè dé kí oúnjẹ alẹ́ tó tutù. Ọkọ̀ akẹ́rù ń mí hẹlẹ lọ. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé kpayo, epo bẹntiróòlù tó gba ẹ̀bùrú wọlé láti Nàìjíríà, ń kọjá pẹ̀lú kéègì lọ́tùn-ún, kéègì lósì, kéègì lẹ́yìn. Àgbẹ̀ kan wà láàrin gbogbo wọn lórí kẹ̀kẹ́, kò ní iná níwájú, kò ní lẹ́yìn, aṣọ dúdú ló sì wọ̀.

Látìgbà tí Nàìjíríà ti tún ẹnubodè Ìdìrókò, tó kọjú sí Igolo, ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2022, lẹ́yìn tó ti wà ní títì láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọkọ̀ tún ti ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá ní gbangba. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò sí awakọ̀ tí kì í fẹ́ iná tó ràn. Ọ̀rọ̀ tí ríwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Bá mi wá èyí tó mọ́lẹ̀ jù." Kò sì ní wá a tì. Gílóòbù LED ti kún ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn funfun báláú, wọ́n ní fáànù kékeré nídìí, owó wọn kò sì wọ́n jù. Ẹni tó bá dè é lónìí á wakọ̀ lálẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ni ojú ń ta.

Ó dára kí a mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń pe iná méjèèjì. Ní apá Ìdìrókò, fúùlù ni iná gígùn, dímù sì ni iná tí a rẹ̀ sílẹ̀. Ní apá Igolo, èdè Faransé ti wọ ọ̀rọ̀ náà: fáàrì ni ti òkè, kóòdù ni ti ìsàlẹ̀. Inú Code de la route, ìwé òfin ojú pópó àwọn Faransé, ni orúkọ kóòdù ti wá, nítorí òun ni òfin ní kí èèyàn tàn bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Orúkọ iná náà fúnra rẹ̀ ti di òfin, àmọ́ ta ló ń rántí?

Gílóòbù tí ọwọ́ ríwáyà mọ̀ dáadáa ni H4, irú èyí tí wọ́n ń pè ní halogen, tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Okùn iná tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀: èyí tó ń jẹ 60 wáàtì jẹ́ ti fáàrì, èyí tó ń jẹ 55 wáàtì jẹ́ ti kóòdù. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe é ń tẹ̀ lé ní kí ti kóòdù tú nǹkan bí 1,000 lumen jáde, kí ti fáàrì tú nǹkan bí 1,650. Lumen ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó jáde lára gílóòbù. Bí èèyàn bá wá rí páálí LED tí wọ́n kọ 20,000 lumen sí lára, kó ṣe ìṣirò kó tó yọ owó. Nínú wáàtì kan, LED tó dára ń mú nǹkan bí 100 sí 150 lumen wá. Ìyẹn ni pé 20,000 yóò gba ó kéré tán 130 wáàtì, fáànù tí kò tó ọmọ ìka kò sì lè lé ooru irú iná bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ páálí ni.

Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Inú iná iwájú ọkọ̀ dà bí dígí tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, gbogbo títẹ̀ yẹn ni wọ́n sì ṣírò látàrí ibi tí okùn iná tín-ín-rín yẹn wà. Bí okùn náà bá kúrò ní àyè rẹ̀ ní ìwọ̀n mílímítà kan péré, ìmọ́lẹ̀ yóò ṣubú síbi tí kò yẹ. Lábẹ́ okùn kóòdù inú H4, ife irin kékeré kan wà tó ń bo ìmọ́lẹ̀ tí ì bá lọ sókè. Òun ló fi jẹ́ pé bí a bá tan kóòdù sára ògiri, a ó rí ìlà kan: ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, òkè ṣókùnkùn. Ojú ẹni tó ń bọ̀ wà lókè ìlà yẹn, ojú títì wà nísàlẹ̀. Àmọ́ LED kì í ṣe okùn. Èérún pẹlẹbẹ ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjì pátákó irin kan. Bí wọ́n bá kì í bọ inú ilé iná tí wọ́n kọ́ fún okùn, ìlà yẹn á dàrú, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á bọ́ sójú ẹlòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè kan kò fi yára gbà á. Ní Jámánì, ó di ọdún 2020 kí wọ́n tó fún gílóòbù LED kan, ti ilé iṣẹ́ Osram, láṣẹ láti rọ́pò halogen lójú títì, àwọn irú ọkọ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì dárúkọ nìkan ni àṣẹ náà sì kàn. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kọ́ LED tàbí xenon mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ilé iná tirẹ̀ bá iná inú rẹ̀ mu.

Ẹni tí wọ́n tan LED tí kò bá ilé iná mu sí lójú kì í sì dákẹ́. Ó rò pé ẹni tó ń bọ̀ kọ̀ láti rẹ iná sílẹ̀, òun náà á bá tan fáàrì tirẹ̀ padà. Awakọ̀ méjì, ojú mẹ́rin, kò sí ìkankan nínú wọn tó rí àgbẹ̀ orí kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì tún wà ńbẹ̀, àwọn tó ń ra tòkúnbọ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí i. Ìlà kóòdù kì í tẹ́ gbọrọgbọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ó máa ń gòkè díẹ̀ ní apá etí títì kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún ni etí títì wà. Bẹ̀nẹ̀ ti ń wa ọwọ́ ọ̀tún láti ayé Faransé. Nàìjíríà yí kúrò lọ́wọ́ òsì tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ bọ́ sí ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Àmọ́ ọwọ́ òsì ni Bìrìtìkó àti Jàpáànù ń wà títí dòní, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àwọn kan nínú àwọn àlòkù ọkọ̀ ti ń wá. Wọ́n lè gbé ìdarí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tuntun, síbẹ̀ bí wọn kò bá pààrọ̀ ilé iná iwájú rẹ̀, ìlà yẹn yóò ṣì máa gòkè sí apá òsì, tààrà sínú ojú ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí Sweden fẹ́ yí láti òsì sí ọ̀tún ní ọdún 1967, ọ̀rọ̀ iná iwájú wà lára ohun tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń pinnu pé kí àwọn má ṣe sún un síwájú mọ́.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ ríran lóru wá ṣe? Àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù kì í náni lówó tó gílóòbù olówó ńlá, bóyá nítorí náà ni ẹnikẹ́ni kò fi ń kéde wọn.

Kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú iná náà. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ lo gíláàsì. Ti òde òní, ọ̀rá líle tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ni. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ààbò tí wọ́n kùn sí i lára á jẹ, ojú rẹ̀ á pọ́n, á ṣe kùrukùru bí ojú arúgbó tí ìpẹ́ bò. Bí ó bá ti rí báyìí, gílóòbù tó wù kó lágbára, inú ni yóò ti máa tàn. Wọ́n á fi omi rẹ páńdì, ìyẹn bébà tí wọ́n fi ń ha nǹkan, wọ́n á fi èyí tó rí ṣáṣá ha á, wọ́n á fi èyí tó kúnná tẹ̀ lé e, títí dé nọ́ńbà 2,000, kí wọ́n tó wá fi oje ìdán dán an. Òògùn ìfọ-eyín tí àwọn kan ń lò ń mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nítorí ààbò ti lọ, bí wọn kò bá kun òmíràn tó lè dènà oòrùn, kò ní pẹ́ tí á tún fi pọ́n.

Lẹ́yìn ojú iná, wáyà. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ kò mọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ halogen kì í dínkù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú iná tó ń wọlé sí i. Bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún volt bá sọnù lójú ọ̀nà láti bátìrì dé gílóòbù, nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ni yóò bá a lọ. Wáyà tó ti gbó, ìsopọ̀ rẹ̀ tó ti dípẹtà, wáyà ilẹ̀ tí wọ́n so mọ́ irin tí wọ́n kùn: àwọn wọ̀nyí ni olè. Kí ríwáyà gbé mítà wá, kó wọn volt lára bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó wọn ọ́n lẹ́yìn gílóòbù. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, rìléè kan àti wáyà tó nípọn yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà láìpààrọ̀ gílóòbù rárá. Ìdàkejì rẹ̀ ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe: wọ́n á ra H4 oní 100 wáàtì. Méjì irú rẹ̀ ń fa nǹkan bí amp 17 lára bátìrì oní volt 12, níbi tí wáyà ti mọ amp 9 tẹ́lẹ̀. Ihò gílóòbù á yọ́, wáyà á jó, nígbà mìíràn ọkọ̀ náà á bá a jó.

Kí ó wá gbé ọkọ̀ náà síwájú ògiri, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó fi mítà 10 sílẹ̀ láàrin wọn. Kó wọn bí àárín iná ṣe ga tó láti ilẹ̀, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gíga kan náà lára ògiri. Nínú ọkọ̀ kékeré, ìlà kóòdù gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sísàlẹ̀ àmì yẹn. Bí ó bá ga jù, ojú àwọn ẹlòmíràn ni ó ń wò. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, iwájú táyà nìkan ni awakọ̀ yóò máa rí. Skúrúù méjì ló wà lẹ́yìn ilé iná tí wọ́n fi ń tún un ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò sì ní pé lórí rẹ̀.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà tó gun Peugeot 404 àti 504 tó wá láti Faransé lè rántí pé iná wọn pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ. Òfin Faransé ló ní kó rí bẹ́ẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1930 títí di ọdún 1993. Lónìí, àwọ̀ búlúù ni ọjà ń tà. Ó ń dán lójú òǹrajà, àmọ́ nínú ọyẹ́ tàbí òjò, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ń ta padà lára eruku àti omi sí ojú ẹni tó tàn án. Ojú ọmọ ogún ọdún lè fara dà á. Ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kì í gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú ọ̀dọ́ ń gbà, bí wọ́n bá sì tan iná sí i, ó ń pẹ́ kí ó tó tún ríran.

Àwọn sẹ́mì, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní ìṣòro tiwọn. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù wọn, ara ẹ́ńjìnnì tààrà ni iná ti ń wá. Bí wọ́n bá dín eré kù láti yẹ kòtò, iná náà á rẹ̀ wẹ̀sì, nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n so LED gọgbọlọ mọ́ iwájú, tí ẹni tó ń bọ̀ á sì rò pé ọkọ̀ ńlá ni.

Iná tó bófin mu náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, ó ti lọ ju mítà 30. Kí ọkọ̀ tó dúró, ó ti sún mọ́ 70. Ibi tí kóòdù ń tàn dé dáadáa náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́rù tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà, tó jẹ́ pé ewé ni wọ́n ṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dípò àmì onígun mẹ́ta tó ń dán, kò ní dúró de ìṣirò yìí.

Iná iwájú wà lára ohun tí wọ́n ń wò nígbà àyẹ̀wò ọkọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ní òdìkejì ẹnubodè, àwọn FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ní ìtanràn fún ẹni tí iná rẹ̀ kò pé. Òru ni iná ń fọ́ni lójú, ọ̀sán ni wọ́n sì sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró wo iná.

Kóró kékeré kan tiẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí, tí wọ́n kọ 0, 1, 2, 3 sí lára, pẹ̀lú àwòrán iná tó dorí kodò. Òun ló ń rẹ iná iwájú sílẹ̀ bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tí imú rẹ̀ sì gbé sókè. 0 ni fún awakọ̀ tó dá wà. Nọ́ńbà tó ju ìyẹn lọ ni fún táksì tó kó èrò há, tó sì di àpò gàrí sí búùtù. Nínú ọ̀pọ̀ táksì tó ń lọ Igolo lálẹ́, orí 0 ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà jáde nínú ọkọ̀ ojú omi.