Rọpárọsẹ̀: Kí ni dókítà ń fi skáànì wá lọ́rùn?

Bí ọkọ́ bá ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lóko Ìjàyè, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀ já gaara mọ́, àmọ́ tí ara rẹ̀ bọ̀ sípò kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ará oko lè ní oòrùn ló mú un. Lójú dókítà, ìkìlọ̀ ni. Rọpárọsẹ̀ tó wá tó sì tún lọ lè padà wá, kó má lọ mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí skáànì ọrùn wúlò fún jù.

Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì ló gba ọrùn lọ sí ọpọlọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ ọn nínú, ọ̀nà á há. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì níbẹ̀ lè já, kó lọ dí òpó kékeré nínú ọpọlọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún náà ni. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ pa á lọ́rùn, wọ́n á wá máa fi orí ẹ̀rọ náà tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sì ń dunni. Ẹ̀rọ á rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọlé, ìró náà á kọlu ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, á sì padà. Ìyàtọ̀ tó bá wà nínú èyí tó padà ni wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó. Christian Doppler, ará Austria, ló ṣàlàyé ìlànà yìí ní 1842.

Bí a bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi díẹ̀, omi á tú jáde tagbára-tagbára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ń sáré níbi tó há. Bí eré náà bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 230 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀nà ti dí tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí kan tó jáde ní Àríwá Amẹ́ríkà ní 1991 fi hàn pé iṣẹ́ abẹ tó ń kó ọ̀rá náà kúrò ń ran irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gan-an, bí ọ̀nà kò bá tíì dí pátápátá.

Kí ni kò lè sọ?

Skáànì ọrùn kò lè sọ bóyá òpó ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ tàbí ó dí. Skáànì CT orí ló ń sọ ìyẹn, òun ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì lè ṣekú pa ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n tètè gbé aláìsàn gba ọ̀nà Mọníyà wọ Ìbàdàn, lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni baba ìṣòro. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó darí rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana, fi í ṣíwájú nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Ó tún rí i pé àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà lára ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀. Ẹni tó bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé, tó sì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún un, ti ń ṣe ohun tí skáànì kankan kò lè bá a ṣe.