Àwọn Ọmọ Tí Ń Bá Wa Tajà ní Gáréèjì Ìkòròdú

Ẹni tí ó bá tètè dé Gáréèjì Ìkòròdú ní òwúrọ̀, kí agogo méje tó lù, yóò rí i pé àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ná. Àwọn kan ń gbálẹ̀, àwọn kan ń nu eruku kúrò lára agolo mílíìkì, àwọn mìíràn sì ń to ọjà sí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹni náà bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó sì padà dé ní alẹ́, àwọn ọmọ kan náà ni yóò tún bá lórí ìdúró. Àwọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí: kì í ṣe ìyálọ́jà tí ń jẹ èrè ọjà ara rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí a ń san owó oṣù fún láti bá ẹlòmíràn tajà.

Ní ọjọ́ kan òjò lé mi wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọbìnrin tí ó dá mi lóhùn ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó. Mo bi í pé, “Ọmọ mi, èéṣe tí o kò fi jókòó?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọ̀gá wa kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n ní oníbàárà yóò rò pé ọ̀lẹ ni wá.”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ̀ wá lára, ó sọ fún mi pé owó oṣù òun kò pé. Páálí mílíìkì kan ni a wá tì, àwọn mẹ́ta tí ń tajà níbẹ̀ ni a sì pín owó rẹ̀ lé lórí. Mo bèèrè ẹni tí ó gbé e. “A kò mọ̀, mà,” ni ó wí, ó sì dorí kodò bí ẹni pé òun gan-an ni olè.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àṣà yìí ti wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1970, kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí a tó lè yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí àdánù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fà á tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà á, òṣìṣẹ́ ìjọba tí a yàn fún ọ̀ràn iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí ìwé pé kí a yọ ọ́. Níbo ni pínpín àdánù fún ẹni mẹ́ta, jalè-jalè àti aláìmọwọ́mẹsẹ̀, wà nínú èyí? Òfin kan náà ní kí ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì sinmi ọjọ́ kan nínú méje.

Ní ti iye owó, ọ̀ràn náà le ju èyí lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ láti 30,000 náírà sí 70,000. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde 85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù yìí yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Mélòó ni ṣọ́ọ̀bù ní Gáréèjì tí ó ní ènìyàn 25? Èyí ni pé àwọn tí owó wọn kéré jù ni òfin náà fò kọjá. Síbẹ̀, Òfin Iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ dárúkọ kò ka iye orí kí ó tó dáàbò bo owó tí ọmọ náà ti ṣiṣẹ́ fún.

Mo mọ̀ pé àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù nínú yín yóò wí pé olè ń ṣe wọ́n. Òtítọ́ ni; owó ilé pẹ̀lú kò sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ọjà níṣojú gbogbo wọn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, tí olúkúlùkù sì kọ orúkọ sí i, a ó mọ ọjọ́ tí ọjà sọnù àti ọwọ́ ẹni tí ó wà. Ìyẹn kò náni ju ìwé kan àti kálámù lọ.

Ní ti àga, a kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ ọ́. Ní ọdún 1899 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí ìjókòó kan ó kéré tán wà fún obìnrin mẹ́ta-mẹ́ta tí ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Margaret Bondfield, tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìgbà èwe rẹ̀, di mínísítà ọ̀ràn iṣẹ́ ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1929. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Kerala ṣe òfin ìjókòó ní ọdún 2018, Tamil Nadu sì tẹ̀lé e ní ọdún 2021. Ọjà kò tìtorí rẹ̀ wọ́gbẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn òbí. Òfin wa pàṣẹ pé, kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí a kọ iye owó rẹ̀, ìgbà tí a ó máa san án, àti wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ kò ní ìgboyà láti bèèrè rẹ̀. Kí ìyá tàbí bàbá bá a lọ, kí wọ́n kí ọ̀gá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n sì bèèrè ìwé náà.